Èsì wa fún ẹ̀gbọ́n tó fún wa ní ìràwọ̀ kan nítorí GLK 350

Ẹ̀gbọ́n wa, a rí ohun tí ẹ kọ. Ẹ ṣeun. Gbogbo ọ́fíìsì ló kà á, títí kan ọmọ tó ń fọ mọ́tò. Òun gan-an ló kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé kì í ṣe bàbá tó fún mi lówó oúnjẹ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mọ́tò lọ nìyí?" A ní àwọn ni.

Nítorí àwọn tó máa ka èyí láìka ti ẹ̀gbọ́n: wọ́n ra Mercedes-Benz GLK 350 ti ọdún 2012 lọ́wọ́ wa, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Lóṣù Keje 2025 ni wọ́n kọ ọ́ sórí ojú ewé wa pé ẹ́ńjìnnì tó ti bàjẹ́ la fi ọ̀dà bò tí a sì tà fún àwọn, pé mọ́tò náà ń gbóná, pé jíà rẹ̀ ń fò, pé a kì í gbé ìpè, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ra mọ́tò olówó ńlá ní ọgbà wa mọ́. Wọ́n tún mẹ́nu kan kọ́kọ́rọ́ kejì, ṣùgbọ́n ìyẹn kéré, a lè sọ ọ́ lórí fóònù. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ ká sọ tiwa.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 2024, lẹ gbé mọ́tò yìí. Ẹ kò dá wá. Ẹ mú mẹkáníìkì yín wá láti Ìbàdàn, ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa, tó ní òun ti ń tún Benz ṣe látìgbà tí Benz ṣì ní igun mẹ́rin. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ ìdérí ọ́ìlì, ó fìka tọ́ ọ wò, ó gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì wa ki ẹ̀rọ skáànù bọ̀ ọ́ lójú gbogbo yín, kò sí àléébù kankan tó gbé jáde. Ẹ̀yin méjèèjì wá gbé e gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí Ìbàfò, ẹ sì fi AC sí i dé òpin. Nígbà tí ẹ padà dé, mẹkáníìkì yín ló sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé èyí dáa. Ìyá Ìbejì tó ń bójú tó ìwé wa ṣì ní ìwé tí ẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà: 91,206 máìlì ló wà lójú dáṣíbọọ̀dù. Bó bá jẹ́ ọ̀dà la fi bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀dà náà bo imú mẹkáníìkì yín pẹ̀lú.

Ẹ ní gbogbo ayé ló mọ̀ pé V6 Benz, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà bíi tiyín, máa ń jẹ eyín ara rẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni gbogbo ayé gbọ́. Àwọn ẹ́ńjìnnì M272 (orúkọ tí Benz fún V6 yìí) tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, láti 2004 títí dé nǹkan bí 2007, ni àìsàn yẹn mú. Ọ̀pá kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní balance shaft, eyín tó wà lórí rẹ̀ kò le tó, ṣéènì a sì máa yún un títí tí iná "check engine" á fi tàn. Ó tiẹ̀ di ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n GLK kò tíì sí nígbà yẹn. Ní 2008 ni wọ́n gbé e jáde níbi ìpàtẹ mọ́tò Beijing ní Ṣáínà. Bremen ní Jámánì ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn ará Amẹ́ríkà kò sì rí i rà títí di 2009, tí wọ́n sì pè é ní mọ́tò ti ọdún 2010. Wọ́n ti pààrọ̀ irin náà tipẹ́ kí wọ́n tó ṣe tiyín. Ẹni tó ń wá E350 tàbí ML350 ti 2006 ló yẹ kó máa bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí, kó sì yẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wò kó tó sanwó.

Ká wá bọ́ sórí fọ́tò tí ẹ fi ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn. Ẹ ya dáṣíbọọ̀dù kí aráyé lè rí iná tó ń tàn. A rí iná náà. A tún rí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: 118,340 máìlì. Láti oṣù Karùn-ún 2024 wá, ẹ ti rin 27,134 máìlì, ìyẹn ju kìlómítà 43,000 lọ. Nínú ọ̀rọ̀ yín kan náà, ẹ kọ ọ́ pé "ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday nìkan" lẹ ń gbé e lọ. Nǹkan bí kìlómítà 130 ni Ìbàdàn sí Èkó. Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ bá wa ṣírò ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì náà wà.

A kò sọ pé kí ẹ má wa mọ́tò yín o. Ẹ́ńjìnnì yìí fẹ́ràn ọ̀nà jíjìn ju súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojodu lọ. Àmọ́ máìlì 10,000 kọ̀ọ̀kan, tàbí ọdún kan, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kí wọ́n máa ṣe sáfíìsì fún un ní Amẹ́ríkà, níbi tí kò sí eruku Mòkọ́lá. Ó yẹ kí tiyín ti jẹ sáfíìsì méjì dáadáa. Kò jẹ ọ̀kan lọ́dọ̀ wa. Ìyá Ìbejì fi WhatsApp ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹjọ 2024, ó tún ránṣẹ́ lọ́jọ́ 11 oṣù Kọkànlá, àmì méjèèjì ti di búlúù. Ti oṣù Kọkànlá, ẹ fi àwòrán ọwọ́ tó ń dúpẹ́ dá a lóhùn.

Ní ti pé a kì í gbé ìpè: nọ́ńbà ọmọkùnrin tó tà á fún yín lẹ̀ ń pè. Ó ti jápa. Kánádà ló wà láti oṣù Kìíní 2025, ó sì gbé fóònù rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà ọ́fíìsì wà lára géètì, ó wà lórí rìsíìtì yín, ó sì wà lókè ojú ewé yìí gan-an tí ẹ ti ráyè fún wa ní ìràwọ̀ kan.

Òótọ́ ni pé ó gbóná. Ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 2024, ní ìkóríta Ṣàgámù, ẹ sì rántí pe ọ́fíìsì lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá mẹkáníìkì wa ló gbé fóònù, nínú ọdún Kérésìmesì, níbi tó ti ń jẹun pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Ó ní kí ẹ pa á, kí ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀, kí ẹ má bu omi sí i, pé òun ń bọ̀ pẹ̀lú mọ́tò tó ń wọ́ mọ́tò. Ẹ ní ó máa pẹ́ jù. Nígbà tí mọ́tò fi dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ 9 oṣù Kìíní, ohun tí a bá nínú rẹ̀ rèé: omi pupa bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, tí kò ní kúláǹtì (oògùn tí à ń pò mọ́ omi kí ẹ́ńjìnnì má bàa gbóná jù) kankan nínú mọ́; àti ilé tẹ̀mọ́sítáàtì tó ṣófo. Ẹnìkan lójú títì ti yọ tẹ̀mọ́sítáàtì sọnù, ó ní ooru Nàìjíríà ti tó, pé àwọn òyìnbó nìkan ló ń lò ó nítorí yìnyín.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń ba mọ́tò jẹ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe torí òtútù ni tẹ̀mọ́sítáàtì ṣe wà níbẹ̀. Òun ló ń sọ ìgbà tí omi á lọ sí rédíétọ̀ àti ìgbà tí á dúró lára ẹ́ńjìnnì. Nínú irú Benz yìí, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná dé ibi tó yẹ nígbà tí ẹ bá ń sáré, kọ̀ǹpútà á rò pé àárọ̀ ṣì ni, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ, á sì tan iná "check engine". Ẹ̀yin kan náà lẹ ráhùn pé ó ń mu epo. Omi píọ̀ wọ́tà ní tirẹ̀ máa ń hó kíákíá ju kúláǹtì lọ, ó ń mú kí irin inú dípẹtà, ó sì ń jẹ ìdí wọ́tà pọ́ǹpù títí tí yóò fi máa jò. Ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi tí kò ní iyọ̀ nínú, ohun tí à ń bù sí i nìyẹn. Owó rẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹbí kan.

A kọ ohun tó yẹ kí wọ́n rà fún yín: tẹ̀mọ́sítáàtì tuntun, wọ́tà pọ́ǹpù tuntun, kúláǹtì. Ẹ ní a fẹ́ jẹ yín ní ìjẹkújẹ. Ẹ kọjá sí ọjà Ládípọ̀, ẹ ra wọ́tà pọ́ǹpù Bẹ́líjíọ̀mù, èyí tí mọ́tò ẹlòmíràn ti lò tán, ẹ sì gbé e padà fún fìlà pupa ní Ìbàdàn pé kó so ó. Láti ọjọ́ náà, a kò fojú kan mọ́tò yín mọ́, àfi nínú fọ́tò.

Ti jíà tó ń fò, a ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Jíà oníyára méje ni. Kò ní ọ̀pá tí ẹ lè fà yọ kí ẹ fi wọn ọ́ìlì rẹ̀ bíi ti Camry. Wọ́n á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n á jẹ́ kí ọ́ìlì náà gbóná dé ìwọ̀n kan, ìgbà náà ni wọ́n á tó mọ̀ bóyá ó kún tàbí kò kún. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín pé mẹkáníìkì "fi díẹ̀ kún un". Irú ọ́ìlì wo? Ó fi kí ni wọ̀n ọ́n? Ìbéèrè la bi yín, kì í ṣe ìjà.

Ohun tí a fẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́ nìyí, torí a mọ̀ pé ẹ ń ka èyí kí ẹ tó wá sí ọgbà wa. Nígbà tí GLK 350 ti 2012 jẹ́ tuntun, ó ju 35,000 dọ́là lọ ní Amẹ́ríkà. Iye tí ẹ fi ń rà á lónìí ti já wálẹ̀ gan-an, nítorí ó ti dàgbà. Owó tí wọ́n ń ta wọ́tà pọ́ǹpù rẹ̀ kò dàgbà. Owó mọ́tò olówó ńlá ṣì ni, dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà á wá, láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n sì ti tú náírà sílẹ̀, gbogbo wa lojú wa rí i. Tí owó mọ́tò bá jẹ́ gbogbo owó tí ẹ ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra Benz, ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún àkọ́kọ́. A máa ń sọ èyí fún oníbàárà lójú, àwọn kan sì máa ń rò pé a fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ní ká ní Lexus ni àwọn rà, irú èyí kò ní ṣẹlẹ̀. A gbà. Lexus RX 350 ti 2010 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ GLK náà lọ́jọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Ọ̀gá mẹkáníìkì wa fi hàn yín, ó ní irú ẹ́ńjìnnì yìí kan náà wà nínú Highlander àti Camry oní-V6, pé kò sí àdúgbò tí ẹ kò ti ní rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tàbí irin tó bá a mu, àti pé ó máa ń fara da àìbìkítà ju Benz lọ. Ohun tí ẹ fi dá a lóhùn, Ìyá Ìbejì ṣì ń fi ṣe àwàdà: "RX ti pọ̀ jù n'Íbàdàn, bí mo bá páàkì síbi òde, mi ò ní mọ tèmi." Ẹ yan èyí tí ẹ máa dá mọ̀. Ó dáa, ẹ dá a mọ̀.

Fún ẹni tó bá ṣì fẹ́ GLK lẹ́yìn gbogbo èyí, torí mọ́tò tó dáa ni, ara rẹ̀ le: èyí tí wọ́n tún ṣe, ti 2013 sí 2015, ní ẹ́ńjìnnì mìíràn tó ń lo agbára ẹṣin 302 dípò 268. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ wá wo ìyẹn, kí wọ́n tó tan án. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó dé, ẹ padà sílé. Tó bá tutù, ẹ jẹ́ kí wọ́n tan án lójú yín, kí ẹ sì tẹ́tí sí ìró ṣéènì níwájú. Tó bá ń dún kẹrẹkẹrẹ kó tó dákẹ́, owó ń bọ̀ nìyẹn. Ní ọgbà wa, a kì í tan mọ́tò de oníbàárà. Àwọn tó ń tan án de yín wà ní òdìkejì títì, ẹ mọ̀ wọ́n.

Ní ti ohun tí a lè ṣe, ẹ̀gbọ́n: ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdé èyíkéyìí kó tó di agogo mẹ́wàá. A ó skáànù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. A ò ní gba owó iṣẹ́ lórí tẹ̀mọ́sítáàtì, wọ́tà pọ́ǹpù àti fífọ rédíétọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé tí ẹ fọwọ́ sí kò dè wá láti ṣe é. Ẹ̀yin lẹ máa ra irin, tuntun ni, a ò sì ní so Bẹ́líjíọ̀mù kankan mọ́ ọn. Kí fìlà pupa dúró sí Ìbàdàn.

Tí ìyẹn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹnìkan ṣì wà tó fẹ́ rà á bó ṣe wà yẹn, pẹ̀lú iná tó ń tàn níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹfà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé síta, a pè yín pé oníbàárà wà, owó wà nílẹ̀. Ẹ ní mọ́tò yín kì í ṣe títà, pé òun ni wọ́n máa fi gbé ìyàwó nígbà ìgbéyàwó ọmọ yín lóṣù Kọkànlá. Oníbàárà náà tún pè wá láàárọ̀ yìí. Ṣé ká ní kó máa bọ̀ wá gbé mọ́tò oníràwọ̀ kan yìí, àbí ká ṣì ní sùúrù títí ìgbéyàwó á fi kọjá?