Ẹ yé pààrọ̀ dpi fọ́tò nítorí fídíò

"Ọ̀gá, mo ti sọ gbogbo ẹ̀ di 300 dpi fún yín o." Ohun tí àbúrò kan wí nìyẹn bó ṣe na fíláàṣì sí mi nínú ṣọ́ọ̀bù ní Tákíè, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìsìnkú ìyá wọn ku ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ kí n to fọ́tò Màmá jọ sínú fídíò tí wọn yóò gbé sórí pílásímà ńlá lójú agbo. Odidi òru ló fi ṣe iṣẹ́ 300 dpi yẹn. Mi ò kọ́kọ́ mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé iṣẹ́ òfo ni.

Kò dá ṣe é. Àwa tí à ń ṣe ẹ́díìtì àtàwọn tó ń gbé fọ́tò wá, ohun kan náà la jọ gbọ́: fọ́tò tí kò bá jẹ́ 300 dpi, bàìbàì ni yóò ṣe nínú fídíò. Irọ́ ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé lọ̀rọ̀ náà ti wá, ó sì tọ̀nà lọ́dọ̀ tiwọn. Dpi ló ń sọ iye ẹyọ àmì kéékèèké tí ẹ̀rọ yóò tò sínú ínṣì kan lórí bébà. Bébà ní ínṣì, fídíò ò ní. Fídíò tó ń ṣeré lórí fóònù yín náà ló ń ṣeré lórí pílásímà tó gba ògiri tán: píksẹ́lì (àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 1920 ní ìbú, 1080 ní òró. Ínṣì wo la fẹ́ wọ̀n níbẹ̀?

Ẹ dán an wò. Ẹ ṣí fọ́tò kan nínú Photoshop, ẹ lọ sí Image Size, ẹ yọ àmì tó wà níwájú Resample (òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi píksẹ́lì kún fọ́tò tàbí kó yọ ọ́ kúrò), kí ẹ wá yí dpi láti 72 sí 300. Ẹ yí i sí 3000 bó bá wù yín. Iye píksẹ́lì ò ní mira; ínṣì nìkan ni yóò máa sún kì. Ẹ gbé méjèèjì sínú fídíò, ẹni tó ya fọ́tò náà gan-an ò ní mọ èwo lèwo.

Ibi tí ewu wà ni kéèyàn fi àmì Resample yẹn sílẹ̀, ohun tí àbúrò wa sì ṣe nìyẹn. Fọ́tò kan tí wọ́n fi fóònù àtijọ́ yà jẹ́ píksẹ́lì 640 sí 426. Bó ṣe yí 72 sí 300, kọ̀ǹpútà fẹ̀ ẹ́ dé 2667 sí 1775. Níbo ló ti rí èyí tó lé? Ó méfò ni. Gọ̀m̀bọ́ ojú Màmá, tó yẹ kéèyàn lè máa ka ẹyọ rẹ̀, dà bí ohun tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa rẹ́.

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni àwọn tí wọ́n fi kámẹ́rà gidi yà níbi ọjọ́ ìbí Màmá. 6000 sí 4000 ni kámẹ́rà yà wọ́n. Àbúrò wa gé gbogbo wọn sí ínṣì 6 sí 4 ní 300 dpi, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún álíbọ́ọ̀mù. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 300 lọ́nà 6 jẹ́ 1800, 300 lọ́nà 4 jẹ́ 1200. Fọ́tò tó fẹ̀ ju fídíò lọ ní ìlọ́po mẹ́ta wá di èyí tí kò tó o. Oògùn tó lò ló dá àìsàn sílẹ̀. Orí ló yọ wá pé kò tíì pa àwọn àkọ́kọ́ rẹ́.

Píksẹ́lì ni kẹ́ ẹ máa kà. Fọ́tò tí yóò dúró sójú kan, kó ti tó 1920 ní ìbú. Tí ẹ bá fẹ́ súùmù títí yóò fi ku ìdajì rẹ̀ lójú, 3840. Bí fídíò bá jẹ́ 4K, 3840 yẹn ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ láìsí súùmù rárá.

Tí ẹ bá wá fẹ́ dààmú, ẹ dààmú lórí ìrísí. Pílásímà jẹ́ 16 sí 9, kámẹ́rà ńlá sábà máa ń ya 3 sí 2, fóònù púpọ̀ 4 sí 3. Fọ́tò 3 sí 2 tó bá fẹ̀ dé 1920, yóò ga dé 1280, bẹ́ẹ̀ 1080 ni òró fídíò, nítorí náà 200 gbọ́dọ̀ lọ. Bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, 100 á lọ lókè, 100 á lọ nísàlẹ̀, gèlè ló sì wà lókè. Ẹni bá gé gèlè olóògbé, kó má retí bálánsì o. Ẹ fa fọ́tò wálẹ̀, kó jẹ́ ìsàlẹ̀ aṣọ ló máa lọ. Fọ́tò òòró ńkọ́? Ẹ má nà án, ojú Màmá á fẹ̀ bí àwo. Ẹ fi sáàárín, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ tó ṣe bàìbàì kún ẹ̀yìn.

Ibì kan tí dpi ti wúlò fún wa ni orí skánà, torí bébà wà níbẹ̀. Àbúrò náà mú pásípọ́ọ̀tù kan wá, ti ìgbà tí Màmá wà lọ́mọge, mìlímítà 35 sí 45 péré. Ní 300 dpi rẹ̀ yẹn, bíi 413 sí 531 ló jáde. Mo gbé skánà sí 1200, ó di bíi 1654 sí 2126. Gọ̀m̀bọ́ yọ, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Àbúrò náà fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà, kò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Fọ́tò yẹn la fi bẹ̀rẹ̀ fídíò.