Ọdọọdún Ni Wọ́n Ń Fún Mi Láṣẹ Láti Jẹ́ Bàbá Ọmọ Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta, torí bí mi ò bá sọ ọ́, àyà mi á bẹ́. Ọmọ mi, ọmọ Thailand ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ọmọ ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀, páásípọ́ọ̀tù ibẹ̀ ló ní, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ilé aláwọ̀ búlúù tí àwọn ìdílé ibẹ̀ ń tọ́jú bí ẹyin ojú. Kò sẹ́ni tó ń bá ọmọ jiyàn. Èmi tí mo bí i ni wọ́n ń bá fa wàhálà. Ọdún kan, ọdún kan ni wọ́n ń fún mi láti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ọdún bá ti yí po, kí n tún kó ìwé jọ, kí n tún lọ jẹ́rìí pé èmi ni bàbá, àfi bíi pé ipò yẹn lè ti bọ́ lọ́wọ́ mi láàárín ọdún.

Kì í kúkú ṣe pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń fúnni ní físà ọlọ́jọ́ gígùn. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa! Lọ́dún 2024 ni wọ́n gbé èyí tí wọ́n ń pè ní DTV jáde: ọdún márùn-ún gbáko, ọgọ́sàn-án ọjọ́ ní gbogbo ìgbà téèyàn bá wọlé. Ta ni wọ́n ń fún? Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ òkèèrè, ẹni tó fẹ́ wá kọ́ ìjà Muay Thai, ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ wọn. Kó ṣáà ti fi hàn pé òun ní 500,000 baht, ìyẹn owó ilẹ̀ wọn, kó san owó físà. Ẹni tówó bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní káàdì kan tí wọ́n ń tà fún un, Thailand Privilege, ọdún márùn-ún títí dé ogún ọdún. Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orúnkún gún èèyàn níhà gba ọdún márùn-ún. Ẹni tó ń di irun fún ọmọ wọn láràárọ̀, tó ń gbé e lọ síléèwé, gba ọdún kan. Ẹ bá mi wá ibi tí ọgbọ́n wà nínú ìyẹn.

Ọdún kan yẹn gan-an, ẹ má rò pé wọ́n kàn ń gbé e fúnni. Bí ẹ̀yin àti ìyá ọmọ ò bá forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ ní amphoe, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò wọn, òfin ò mọ̀ yín rí. Orúkọ yín lè wà nínú ìwé ìbí, ọmọ lè máa jẹ́ orúkọ ìdílé yín, ó lè jọ ìyá yín bí ìmumu, ìyá tó bí i nìkan ni wọ́n gbà pé ó lọ́mọ. Abala 1546 nínú ìwé òfin wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwa ṣe ìgbéyàwó tiwa nílé àwọn òbí rẹ̀: àwọn mọ́ńkì ṣàdúrà, àwọn àgbà so òwú funfun mọ́ wa lọ́rùn ọwọ́, mo sì san sin sot, owó orí tiwọn nìyẹn, lójú gbogbo ẹbí. Bí mo bá ṣe é n'Íbàdàn, ta ló máa bi mí bóyá mo láya? Lọ́dọ̀ tiwọn, bí ẹ ò bá ti tọwọ́ bọ̀wé, àríyá lásán lẹ ṣe. Nígbà tí mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rí báyìí, èmi àti ìyá ọmọ ti pínyà ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, ọmọ sì ń gbé lọ́dọ̀ mi.

Abala 1547 wá ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí òfin fi lè mọ̀ yín ní bàbá: kẹ́ ẹ fẹ́ ìyá ọmọ lọ́nà òfin, kẹ́ ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní amphoe gẹ́gẹ́ bíi bàbá, tàbí kí kọ́ọ̀tù dá a fún yín. Ọ̀nà kejì ló dà bíi pé ó rọrùn, àfi tẹ́ ẹ bá ka 1548 tó tẹ̀ lé e. Ìyá gbọ́dọ̀ gbà. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ gbà.

Ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká! Mo mú un dé amphoe pẹ̀lú aṣọ iléèwé lọ́rùn. Ìyá rẹ̀ náà wá, ó fọwọ́ sí tirẹ̀, kò janpata. Obìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nà síwájú, ó ní, "Ọmọ dáadáa, ta ni ọkùnrin yìí?" Ọmọ tí kì í panu dé nílé, tó ń bá ọmọọ́lé ara ògiri tàkúrọ̀sọ, ó bá sá sẹ́yìn yẹ̀rì ìyá rẹ̀, ó tẹjú mọ́ fáànù. Obìnrin yẹn tún bi í. Kẹ́kẹ́ pa. Ó ní ṣé ó gbà kí ọkùnrin yìí jẹ́ bàbá rẹ̀ lábẹ́ òfin. Lábẹ́ òfin! Ọmọ tó ṣì ń pe àná ní ọ̀la. Kò fọhùn. Obìnrin náà wọ awò rẹ̀ padà, ó ní ọmọ ò lè fèsì, kí n gba kọ́ọ̀tù lọ. A ò tíì dé ibi tí mo páàkì ọkọ̀ sí tí mo fi gbọ́ "Dádì, ẹ ra áísìkirímù fún mi." Níta o! Níbi tí kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Mi ò ní fi ti kọ́ọ̀tù gba àkókò yín. Lọ́yà gba tiẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé wádìí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, adájọ́ sì dá a fún mi. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. "Gb" wà nínú orúkọ ìdílé mi, kò sì sí gb nínú lẹ́tà tiwọn. Ẹni tó kọ ìwé ìbí kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, ẹni tó túmọ̀ páásípọ́ọ̀tù mi kọ ọ́ bó ṣe wù ú, bàbá ọmọ bá di èèyàn méjì. Kí n tó fi hàn pé ẹnì kan ṣoṣo làwọn ọkùnrin méjèèjì, ó ku díẹ̀ kí èmi fúnra mi máa ṣiyèméjì.

Ó wá ku ìmígíréṣọ̀n. Físà O, ti ẹni tó ní ìdílé níbẹ̀, tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni. Látorí rẹ̀ lẹ máa tọrọ ọdún kan, 1,900 baht. Wọ́n ní kẹ́ ẹ ní 400,000 baht nílẹ̀ ní báńkì, tàbí kí owó tó ń wọlé fún yín tó 40,000 lóṣù. Ó dáa. Ṣùgbọ́n físà yẹn nìkan ò fún yín láṣẹ kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́. Ìwé iṣẹ́ tún wà lọ́tọ̀, lọ́wọ́ àwọn mìíràn, ó sì di ìgbà tẹ́ ẹ bá rí ilé iṣẹ́ tó máa bá yín gbà á. Ẹ máa mówó wá, ẹ má ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá ríṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kó wá owó gọbọi gbé sí báńkì, kó máa wò ó. Oṣù karùn-ún niléèwé ń wọlé níbẹ̀. Mo ti rí owó iléèwé ọmọ mi nínú báńkì rí, tí mi ò lè fọwọ́ kàn án, torí owó yẹn ló ń fi hàn pé mo lè tọ́jú ọmọ.

Ti fọ́tò ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tó sì ń pa mí lẹ́kún. Èmi àtọmọ níwájú ilé, kí nọ́ńbà ilé hàn. Èmi àtọmọ ní pálọ̀. Èmi àtọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń sùn. Ọ̀gá kan yẹ tọdún kan wò fínnífínní, ó ní nọ́ńbà ò hàn. Lóòótọ́ ni, ẹsẹ̀ ṣòkòtò aládùúgbò mi tó sá sórí ògiri ló bo "4" mọ́lẹ̀. Ó ní kí n lọ yà á wá. Kí n tún fọwọ́ sí gbogbo ojú ìwé kọ́ọ̀kan, kí n ya àwòrán ọ̀nà ilé, kí n mú aládùúgbò tó máa jẹ́rìí wá. (Aládùúgbò tó ni ṣòkòtò yẹn náà ni.) Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ sí mi níwèé, wọ́n ní àwọn ṣì ń gbé e yẹ̀ wò, kí n padà wá.

Èyí tẹ́ ẹ bá wá rí gbà, ẹlẹgẹ́ ni. Ní gbogbo àádọ́rùn-ún ọjọ́, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí pé ilé yẹn náà lẹ ṣì wà. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, owó ìtanràn. Ká ní wọ́n tufọ̀ ìyá yín láti Ìjẹ̀bú-Igbó lóru, ẹ ò gbọ́dọ̀ kàn sáré wọ bàálù. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ìpadàwọlé, 1,000 baht fún ẹ̀ẹ̀kan, 3,800 fún iye ìgbà tó bá wù yín. Tẹ́ ẹ bá jáde láìgbà á, ọdún tẹ́ ẹ fi òógùn gbà ti wọmi nìyẹn. Tí ọjọ́ bá sì lọ kọjá lórí yín ńkọ́? 500 baht lójúmọ́ ni, kì í kọjá 20,000, ìyẹn ṣì rọ̀. Àmọ́ bí ọlọ́pàá bá mú yín kẹ́ ẹ tó fúnra yín lọ bá wọn, ó kéré tán, ọdún márùn-ún lẹ ò ní fojú kan ìlú náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà á di mọ́kànlá. Wọ́n ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Èmi ọmọ gidi ni mo bí, ọ̀ràn ni mò ń pọ̀n kiri.

Mo mọ ohun táwọn kan fẹ́ sọ. Oníjìbìtì wà, àwọn tó ń ra ìyàwó orí ìwé wà, àwọn ará wa kan náà sì wà níbẹ̀. Mo gbà. Torí náà, ẹ yẹ̀ mí wò. Ẹ yẹ̀ mí wò lẹ́ẹ̀kan, kó dáa. Ẹ gba itọ́ mi, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò DNA, mi ò ní bínú. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé èmi ni, ẹ fún mi ní ìwé tó máa gbé mi dé ọjọ́ tí ọmọ á pé ogún ọdún, torí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ogún ọdún lọ̀rọ̀ yìí máa tán. Àbí ọmọ máa ń pààrọ̀ bàbá lọ́dọọdún ni?

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo tún ń lọ sí ìmígíréṣọ̀n. Mo ti kọ́kọ́ fi ìwé hàn wọ́n, kí wọ́n má bàa dá mi padà tó bá yá. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣí fáìlì mi, ó wo fọ́tò èṣín, ó wo ọmọ tó dúró tì mí, ó ní fọ́tò yìí ò ṣeé lò mọ́, ọmọ ti ga jù ú lọ, kí n lọ ya tuntun wá. Ó ti ga! Ẹ bá mi bi í, ta ló ń bọ́ ọ?