Waltz Mignone: ṣé píánò ló ń sọ̀rọ̀ ni àbí gìtá?

OnídùrùKékeré: Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ yìí lónìí. Àwọn waltz méjìlá, ìyẹn orin ijó tí à ń kà ní ọ̀kan-èjì-ẹ̀ta, tí Francisco Mignone ará Brazil kọ fún píánò láàárín 1938 sí 1943, Valsas de Esquina, ìyẹn waltz igun títì, orin gìtá ni gbogbo wọn lójú tèmi, orí píánò ló kàn gbé e sí. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ bíi ti Chopin, onípíánò ará Poland, ń bà á jẹ́ ni. Ẹ tẹ́tí sí Nọ́ńbà 1, ọwọ́ òsì ló gbé orin náà dání, ó ń rìn nísàlẹ̀ bí béèsì àwọn onígìtá tó máa ń jáde lóru lọ kọrin lábẹ́ fèrèsé àwọn obìnrin. Ẹni tó bá sọ ọwọ́ òsì yẹn di ẹrú ọwọ́ ọ̀tún, kò tíì gbọ́ orin náà rárá.

Ìyá Ìbejì: Rárá o, àbúrò mi. Píánò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé, mi ò lè gba ìyẹn wọlé. Waltz méjìlá, minor méjìlá, ìyẹn àwọn kíì orin tó máa ń dún bí ìbànújẹ́, kò fi ìkankan sílẹ̀! Onígìtá wo ló máa dúró sígun títì lóru táá ní òun fẹ́ lu waltz ní E-flat minor? A minor, E minor, D minor ni wọ́n máa ń wá, torí àwọn okùn tó ń dún láìfìka tẹ̀ ẹ́. Orí píánò ni ẹni tó bá to orin já gbogbo minor ti ń ronú, àwọn ará Yúróòpù sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Pẹ́dà abẹ́ ẹsẹ̀ tó ń so kọ́ọ̀dù, àwọn ohùn tó ń dún pa pọ̀, mọ́ra wọn ńkọ́, gìtá wo ló ní in?

Bàbá Onígìtá: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, àmọ́ ní 1970 Mignone tún kọ waltz méjìlá mìíràn, gìtá gan-an ló kọ ìyẹn fún o, gbogbo minor méjèèjìlá ló sì tún lò. Kí ló wá dé tí ẹ ní orí píánò nìkan ni irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ń gbé?

Ìyá Ìbejì: Tèmi lẹ ń tì lẹ́yìn yẹn sà. Bí ti 1938 bá ti jẹ́ orin gìtá tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí kò kàn kó wọn sórí gìtá? Kí ló ń kọ tuntun sí?

Àdùkẹ́ ní Bahia: Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọmọ ará Ítálì tó ń fun fèrè ni Mignone, São Paulo ni wọ́n bí i sí ní 1897, òun náà fun fèrè, ó tẹ píánò, láti kékeré ló sì ti ń bá àwọn oníchoro, àwọn tó ń ṣe choro, orin ìgboro Brazil, ṣeré. Àwọn orin ìgboro tó kọ nígbà yẹn, kò forúkọ ara ẹ̀ sí i, Chico Bororó ló kọ síbẹ̀, torí orin ìgboro ò níyì lójú àwọn tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ orin, wọ́n sì gbà pé ọ̀lẹ ló ń gbé gìtá kiri. Nígbà tó wá di 1938 tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó gbé ohun tó fi pa mọ́ yẹn síta, ó sì buwọ́ lù ú. Nǹkan tó ń dùn mí ni pé akéwì Manuel Bandeira pè é ní ọba waltz, gbogbo ayé ń tún un sọ, àmọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ àdàlù tó lu béèsì yẹn fún un ní títì, ta ló mọ orúkọ wọn? Joaquim Callado tó kó fèrè, gìtá àti cavaquinho, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin, jọ ní Rio, 1880 ló kú, kò ju ẹni ọdún 31 lọ! Àwa ọmọ Yorùbá náà, ká tó gbọ́ orúkọ Mignone àfi tí wọ́n bá dárúkọ Babaloxá, orin ọ̀kẹ́sítírà tó kọ ní 1936, bíi pé ibi tí ìlù bá ti ń dún nìkan ni àwọn èèyàn wa wà. Wọ́n wà nínú waltz náà.

SànyánÀtiEtù: Àǹtí Àdùkẹ́, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fi gìtá gbàgbé pé píánò náà rìn ní títì o. Ernesto Nazareth tẹ píánò ní sinimá Odeon ní Rio, ọ̀pọ̀ àwọn bíi tiẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ níbi ijó àti ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìwé orin, pianeiro ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn yẹn ti ń fọwọ́ òsì ṣe béèsì gìtá kí Mignone tó dàgbà. Villa-Lobos, akọrin-sílẹ̀ ará Brazil, ńkọ́, tó jẹ́ onígìtá fúnra ẹ̀, tó bá àwọn oníchoro jáde, nígbà tó fẹ́ kọ Valsa da dor ní 1932, píánò ló kọ ọ́ fún. Píánò àti gìtá ti ń gbọ́ ara wọn tipẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹn ẹ́n! Ìyẹn ni mò ń sọ.

OnídùrùKékeré: Mi ò bá yín jiyàn nípa ti Nazareth, màmá. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wá sídìí píánò gan-an. Tí orin bá dé òpin gbólóhùn, tí akọrin ń mí, ibẹ̀ ni onígìtá máa ń já wọlé pẹ̀lú béèsì tó ń sáré, baixaria ni wọ́n ń pè é. Mignone kọ ọ́ síbẹ̀ kedere. Àwọn onípíánò wa, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń fà á, wọ́n á tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, gbogbo ẹ̀ á wá dàrú pọ̀.

Ìyá Ìbejì: Pé kí béèsì yẹn hàn, mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà pátápátá, díẹ̀díẹ̀ ni màá máa yí i, torí tí kọ́ọ̀dù òkè bá gbẹ báyìí, ìbànújẹ́ inú orin náà ti lọ nìyẹn.

Bàbá Onígìtá: Gìtá ò ní pẹ́dà, ìbànújẹ́ ẹ̀ ò sì lọ síbì kankan. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ fi fídíò ẹ̀ síbí ká gbọ́.