Ṣé Ẹni Tí Kò Gbọ́ Faransé Lè Gbádùn Montréal?

Àlejò láti Tòróńtò: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Kánádà. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ wa ọkọ̀ lọ sí Montréal ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Faransé kankan ò sí lẹ́nu wa. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní àwọn ará ibẹ̀ máa ń díbọ́n pé àwọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé wọ́n á kàn máa wo èèyàn níran. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Ká má lọ fowó ra ìtìjú.

Ìyá Ìbejì: Àsọdùn ni, ẹ má dá a lóhùn. Montréal ni mò ń gbé. Àwọn tó gbọ́ èdè méjèèjì níbí ju ìdajì ará ìlú lọ. "Bonjour-Hi" ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àárín ìlú fi ń kí oníbàárà, Faransé kan, Gẹ̀ẹ́sì kan. Èyí tí ẹ bá fi dáhùn ni wọ́n á bá yín sọ lọ. Ẹ máa bọ̀ jàre.

Sọ̀rọ̀ Sókè: Ìyá Ìbejì, ẹ sọ ìyókù fún wọn. Láti 1977 ni Òfin 101 ti wà ní Québec, ìpínlẹ̀ tí Montréal wà, pé Faransé ni kó ṣíwájú níbi gbogbo: iléeṣẹ́, pátákó, ilé ìwé. Ní 2022 wọ́n tún gbé Òfin 96 gorí rẹ̀. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó ń yẹ pátákó ṣọ́ọ̀bù wò bóyá lẹ́tà Faransé tóbi tó! "Hi" tí ẹ sọ yẹn gan-an, ní 2017, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn jókòó lé e lórí, wọ́n ní kí àwọn olùtajà yọ ọ́ kúrò. Àgbàlagbà tí wọ́n dìbò fún o! Ní Kánádà yìí kan náà, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ jẹ́ èdè ìjọba.

Ọmọ Kétu: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ti 2017 yẹn kì í ṣe òfin. Wọ́n kàn fẹnu kò lé e lórí ni, kò ní ìtanràn. "Hi" ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá nílé, Faransé ní ilé ìwé, Montréal ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó bí Òfin 101. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú yìí lọ́wọ́ Faransé ní 1760. Títí di nǹkan bí 1960, Faransé ló pọ̀ jù nínú ará ìlú, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ̀gá ń sọ. Báǹkì ńlá, iléeṣẹ́ ńlá, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wà. Bí ọmọ Faransé bá fẹ́ ga lẹ́nu iṣẹ́, á fi èdè ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òpópónà Saint-Laurent ló là wọ́n láàárín, Gẹ̀ẹ́sì ní ìwọ̀ oòrùn, Faransé ní ìlà oòrùn. Títí dòní, bí ẹ bá ti Westmount ní ìwọ̀ oòrùn lọ sí Hochelaga ní ìlà oòrùn, etí yín á sọ fún yín. Ẹni tójú rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀, tó wá fi òfin ṣọ́ èdè rẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Sọ̀rọ̀ Sókè: Ìtàn rẹ dùn, àbúrò. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gba ìlú lọ́wọ́ wọn ní 1760. Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló gba Èkó lọ́wọ́ tiwa ní 1861! Mo wá jẹun, mo mú owó dání, ẹ jẹ́ n jẹun.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn: Ẹ̀ ń fa ìtàn, ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ń wa ọkọ̀ bọ̀. Ọ̀gá mi, ẹnu èèyàn kọ́ ló máa yọ yín lẹ́nu, pátákó ibi ìgbọ́kọ̀sí ni. Wọ́n á to mẹ́ta mẹ́rin sórí òpó kan ṣoṣo, ọfà ń tọ́ka sọ́tùn-ún sósì, ọjọ́ àti oṣù ní Faransé, aago bíi 9h–15h, Gẹ̀ẹ́sì kankan ò sí lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ń gbálẹ̀ títì, ọ̀kan ń sọ tàwọn tó ní ìwé àṣẹ àdúgbò. Ẹ kọ́ orúkọ ọjọ́ méjèèje kí ẹ tó kúrò nílé. Iná pupa náà ńkọ́? Ní Tòróńtò, ẹ lè dúró díẹ̀ kí ẹ yà sọ́tùn-ún. Ní gbogbo erékùṣù Montréal, èèwọ̀ ni. Ẹ dúró títí á fi di àwọ̀ ewé. "ARRÊT", ìyẹn "dúró", ò lè ṣì yín lọ́nà, pátákó pupa onígun mẹ́jọ yẹn náà ni.

Ìyá Ìbejì: Tàbí kí ẹ gbọ́kọ̀ sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ wọ métro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Faransé ni wọ́n fi ń kéde nínú rẹ̀, àmọ́ àwọ̀ ọ̀nà àti orúkọ ibùdó ìparí lèèyàn ń tẹ̀ lé. Ọmọdé pàápàá ò lè sọnù.

Akẹ́kọ̀ọ́ McGill: Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ méjì lẹ dà pọ̀. Àlejò tó wá lo ìparí ọ̀sẹ̀ kò ní fojú kan òfin yìí. Ẹni tó fẹ́ fìdí kalẹ̀ ló máa rí i. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ mi ní yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ra oúnjẹ. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ ni mo mọ ìlú tí mo wà. Bí ẹ bá kó ọmọ wá láti Nàìjíríà, ilé ìwé ìjọba tó ń fi Faransé kọ́ni ni wọ́n máa lọ. Bí aṣíkiri bá sì ti lo oṣù mẹ́fà, Faransé ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba Québec á máa bá a sọ, àyàfi nǹkan bí ìlera.

Sọ̀rọ̀ Sókè: Ṣé ẹ gbọ́? Ìfipámúni nìyẹn.

Ọmọ Kétu: Ẹ̀gbọ́n, èdè wo ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní Tòróńtò? Ará Ṣáínà, ará Íńdíà tó bá dé bẹ̀, dandan ni kó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó tó ríṣẹ́ gidi, ẹ ò pè é ní ìfipámúni. Ó kan Faransé, ó wá di ìyà.

Àlejò láti Tòróńtò: Ẹ má bínú sí ara yín nítorí mi o. Tí a bá wọ ṣọ́ọ̀bù, kí la máa kọ́kọ́ sọ?

Ìyá Ìbejì: "Bonjour." Lẹ́yìn náà kí ẹ máa bá Gẹ̀ẹ́sì yín lọ. Ìkíni yẹn ni wọ́n fẹ́. Nílé tiwa pàápàá, ẹni tó wọlé láìkí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nǹkan, kí la máa sọ nípa rẹ̀? Wọ́n á tètè bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó tilẹ̀ máa ń dun àwọn tó ń kọ́ Faransé. Ọkọ mi ti ń kọ́ ọ tipẹ́, kò tíì rí olùtajà tó jẹ́ kó parí gbólóhùn kan! Bí ẹ bá jáde lọ sí ìlú Québec tàbí ìgbèríko ni Gẹ̀ẹ́sì máa dínkù.

Ọmọ Kétu: Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Èmi tí mo fi Faransé gba ìwé ẹ̀rí, nígbà tí mo dé, ohùn àwọn ará ibí rú mi lójú. Mo bẹ ọ̀gbẹ́ni kan kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, Gẹ̀ẹ́sì ló fi tún un sọ fún mi.

Sọ̀rọ̀ Sókè: Háà! Faransé tìrẹ náà ò tó wọn! Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni ní Bonjour. Owó mi ló máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Ọmọ Kétu: Dọ́là Kánádà ni, àbí? Ẹ yọ owó bébà kan nínú àpò yín, kí ẹ wò ó dáadáa. Faransé wà lára rẹ̀.