Òtútù kọ́ ló ń fa òtútù àyà àwọn àgbà wa, ẹ wo ẹnu wọn

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Nígbà tí òtútù àyà mú màmá àgbà wa ní Òkè-Àró, l'Ákùúrẹ́ níbí, lásìkò ọyẹ́, ẹni tí gbogbo ẹbí dá lẹ́bi ni àǹtí mi, torí àwọn ni wọ́n fi omi tútù wẹ̀ fún màmá láàárọ̀ ọjọ́ Sunday kan, iná ò sí, gáàsì ti tán, wọ́n sì fẹ́ kí màmá mọ́ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wá kí wọn. Ọjọ́ kẹta, ikọ́. Ọjọ́ kẹfà, a ti wà ní ọsibítù. Màmá ò padà wálé mọ́. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń wo àǹtí mi bí ẹni tó pa ìyá ẹni, ẹnì kan tiẹ̀ sọ ọ́ sí wọn lójú níbi ìsìnkú pé omi yẹn ni.

Omi yẹn kọ́.

Orúkọ tí a fún àìsàn náà ló ń tàn wá jẹ. Òtútù àyà. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ á gbà pé òtútù ló wọ àyà lọ, ìyẹn la fi ń ti fèrèsé pa, tí a ń kó aṣọ mẹ́ta bo aláìsàn, tí a ń fi ọ̀rí pa àyà, tí a ń pariwo pé kẹ́nikẹ́ni má fún wọn lómi fíríìjì. Ẹ̀dọ̀fóró ni àìsàn yẹn ń bá jà, kòkòrò ló sì ń fà á, omi tútù ò sì lè bí kòkòrò. Tó bá jẹ́ òtútù lásán ni, àwọn Ìlàjẹ tó ń wọ omi láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ì bá ti tán. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ìgbà òtútù ló máa ń pọ̀, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí nígbà tí gbogbo wa bá kó ara wa sínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀, ọ̀fìnkìn àti flu á máa ràn, flu sì lè sọ ẹ̀dọ̀fóró di aláìlágbára débi tí kòkòrò míì á fi ráyè. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n kó o lára ẹni tó ń wúkọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó ń mú àgbàlagbà tó ti dùbúlẹ̀, pàápàá ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú, inú ẹnu wọn ló ti ń wá lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀nà méjì ló wà nínú ọ̀fun, ọ̀kan ń lọ sí ikùn, ìkejì ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ìbòrí kékeré kan sì wà tó máa ń pa ọ̀nà èémí dé tí a bá fẹ́ gbé nǹkan mì. Tí omi bá ṣèèṣì gba ọ̀nà èémí, a á wúkọ́ títí omijé á fi bọ́, ikọ́ yẹn ló ń lé e jáde. Rọpárọsẹ̀ máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ìbòrí ò ní tètè pa dé, ikọ́ ò ní lágbára mọ́, àwọn míì tiẹ̀ wà tí oúnjẹ á gba ibẹ̀ wọlé tí wọn ò ní wúkọ́ rárá, ẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ á rò pé ó ń lọ dáadáa. Kì í sì ṣe oúnjẹ nìkan o, itọ́ náà ni. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní Amẹ́ríkà, ní 1978 ni wọ́n gbé e jáde, wọ́n rí i pé bíi ìdajì àwọn tí ara wọn le koko ni itọ́ ń ṣàn díẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró wọn tí wọ́n bá ti sùn wọra. Ara wa ló ń gbá a kúrò. Ẹnu tí wọn ò fọ̀ wá ńkọ́? Irú kòkòrò tí wọ́n ti rí lẹ́nu èèyàn ju 700 lọ, nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí eyín àti ẹ̀yìn ahọ́n ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Ẹ fi ẹnu yẹn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ dá ẹni náà dùbúlẹ̀ gbalaja, kẹ́ ẹ wá máa fi ṣíbí da ògì sí i lẹ́nu.

Ohun tí a ṣe fún màmá nìyẹn. À ń wẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, à ń yí wọn padà kí ẹ̀yìn wọn má baà yọ egbò, kò sẹ́ni tó fọ ẹnu wọn. Pákò wọn ṣì wà nínú kọ́ọ̀bù lójú fèrèsé. A ní wọn ò kúkú jẹun tó nǹkan, kí la fẹ́ fọ̀. Ẹnu wọn ń rùn, a ní òórùn àgbà ni. Tí wọ́n bá mumi, ohùn wọn á máa dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, a ò mọ̀ pé àmì ni.

Dókítà fi ẹ́síréè hàn wá, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró apá ọ̀tún ló ti funfun, wọ́n ní ibẹ̀ ló sábà máa ń wà torí ọ̀nà èémí apá ọ̀tún fẹ̀, ó sì tọ́ ju ti òsì lọ, ibẹ̀ ni nǹkan tó bá já wọlé máa ń gbà. Wọ́n wá bi wá pé ta ló ń fọ ẹnu màmá. A kàn ń wo ara wa. Wọn ò béèrè ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ rárá. Àǹtí mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwa tí a wà níbẹ̀ ò sì lọ sọ fún wọn, ìyẹn ló ń dùn mí jù títí di òní.

Ẹni tí kò jẹun gan-an ni ẹnu rẹ̀ máa ń dọ̀tí jù, torí jíjẹ ló ń mú itọ́ sun, itọ́ ló sì ń fọ ẹnu. Ẹni tí wọ́n ń fi rọ́bà gba imú fún lóúnjẹ náà ńkọ́, ẹ fọ ẹnu wọn. Àwọn kan á ní bàbá ò ní eyín mọ́. Ní Japan, wọ́n pín àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú 11 sí ọ̀nà méjì fún ọdún méjì, wọ́n ń fọ ẹnu àwọn kan lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù. Nínú 182 tí wọn ò fọ̀ fún, 34 ló ní òtútù àyà, nínú 184 tí wọ́n fọ̀ fún, 21 ni. 2002 ni wọ́n gbé e jáde, ó sì ṣe àwọn tí ò léyín náà láǹfààní. Ilẹ̀ Japan yìí kan náà ni wọ́n ti rí i pé àwọn arúgbó tó ń sùn pẹ̀lú eyín àtọwọ́dá lẹ́nu ń ní òtútù àyà tó bí ìlọ́po méjì ti àwọn tó ń yọ ọ́ kí wọ́n tó sùn. Ẹ máa yọ ọ́ lálẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́.

Ẹ gbé wọn jókòó kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ọṣẹ ìfọyín díẹ̀, ẹ má da omi sí wọn lẹ́nu, aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sómi tí ẹ fún dáadáa ni kí ẹ fi nù ún, ẹ fọ ahọ́n àti ẹ̀rìgì. Àárọ̀ àti alẹ́, tó bá ṣe é ṣe lẹ́yìn oúnjẹ náà. Tí wọ́n bá jẹun tán, kí wọ́n ṣì jókòó fún bíi 30 ìṣẹ́jú. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ẹ má fún un ní nǹkan kan lẹ́nu títí tí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù bóyá ó lè gbé nǹkan mì, omi lásán ló sì máa ń le fún wọn jù láti gbé mì, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oúnjẹ líle ni.

Tí òtútù àyà bá mú àgbàlagbà, ara rẹ̀ lè má gbóná rárá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mí, tó bá ti ń yára, tí wọ́n ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn ń dàrú, tí wọn ò fẹ́ jẹun mọ́, ẹ má lọ máa ra oògùn ní kẹ́míìsì, ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni. Ẹ gbé wọn jókòó dáadáa nínú mọ́tò, ẹ má sì fún wọn lómi lójú ọ̀nà.