Catan kì í ṣe eré oríire lásán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Catan, eré orí pátákó tí a ti ń kó ohun èlò bí àgùntàn àti bíríkì jọ láti fi kọ́lé, kò yàtọ̀ sí lúdò, pé ẹni tí dáìsì bá ṣojúure sí ló máa borí. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Dáìsì méjì là ń jù níbẹ̀; ilẹ̀ tí nọ́ńbà orí rẹ̀ bá bá àpapọ̀ wọn mu ló ń fún ẹni tó kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ohun èlò. Nínú ọ̀nà 36 tí wọ́n lè gbà balẹ̀, márùn-ún ló ń mú 8 wá, ẹyọ kan péré ló ń mú 12 wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi àwọ̀ pupa kọ 6 àti 8. Ẹni tó fi 8 sílẹ̀ tó lọ kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ 12, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Pàṣípààrọ̀ ńkọ́? Tí àgùntàn bá kún ọwọ́ yín tí ẹ kò ní bíríkì, àfi kí ẹ dúnàádúrà. Lóòótọ́, dáìsì lè ṣèkà, ṣùgbọ́n Spiel des Jahres, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ Eré Ọdún, tí eré yìí gbà ní Jámánì lọ́dún 1995 tọ́ sí i dáadáa.