Máàkì mélòó ló tọ́ sí ìwé Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta?

Tíṣà Lágeré: Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà tí a jọ ń yan ìwé fún àwọn ọmọ ọdún 10 sí 13, máàkì tí mo fún ìwé mẹ́rin The Tripods ti John Christopher rèé, lórí 10. The White Mountains (1967): 8. The City of Gold and Lead (1967): 9. The Pool of Fire (1968): 7. When the Tripods Came (1988): 5. Tí a bá dá a pọ̀ tí a pín in sí mẹ́rin, 7.25 ni. Fún ẹni tí kò tíì kà á: ẹ̀rọ gìrìwò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń jọba lórí ayé. Ọmọ bá ti pé ọdún 14, wọ́n á lẹ fìlà irin mọ́ ọn lórí, kò ní lè ronú ọ̀tẹ̀ mọ́. Ọmọkùnrin mẹ́ta, Will, Henry àti Beanpole, sá lọ kó tó kàn wọ́n. Ó yá, ẹ sọ tiyín.

Ọmọ Ọwá: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi 7.25 ṣe? Kò sí ìwé kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gba 7.25. Ẹ jẹ́ kí ìtàn gba máàkì tirẹ̀, kí sáyẹ́ǹsì gba tirẹ̀. Ìwé kìíní: ìtàn 9, sáyẹ́ǹsì 5, nítorí kò sí ju awò ojú Beanpole àti ọkọ̀ ojú irin tí ẹṣin ń fà lọ. Ìwé kẹta: ìtàn 7, sáyẹ́ǹsì 9. Ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ iyọ̀ mọ́.

Bùọ̀dá Físíksì: Mo gbè sẹ́yìn Ọmọ Ọwá. Ẹ wo ogun ìlú Panama nínú ìwé kẹta. Ìlú mẹ́ta làwọn Ọ̀gá, ẹ̀dá ayé mìíràn tó ni àwọn ẹ̀rọ náà, ní láyé. Ọtí tí Will àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dà sínú omi mímu àwọn Ọ̀gá ṣẹ́gun méjì, ó kùnà ní Panama. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ gbé ọkọ̀ òfuurufú lọ, àwọn Ọ̀gá pa ẹ́ńjìnì rẹ̀ lójú ọ̀run. Wọ́n wá gbé bàlúùnù, nítorí bàlúùnù ò ní ẹ́ńjìnì tí ẹnikẹ́ni lè pa. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, odindi ẹ̀kọ́ kan sì ni fún kíláàsì.

Ẹ fi afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣe ìṣirò rẹ̀ fún wọn. Àpótí afẹ́fẹ́ kan tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà 1 wúwo tó kílò 1.2 tí ojú ọjọ́ bá jẹ́ 20°C. Ẹ mú un gbóná dé 100°C, yóò ku nǹkan bí 0.95. Ìyàtọ̀ náà, 0.25, ló ń gbé ẹrù sókè. Tí ènìyàn, aṣọ bàlúùnù àti ẹrù bá jẹ́ kílò 150, àpótí 600 la nílò. Àmọ́ ibi tí ọmọ máa ń ṣì í rèé: tó bá jẹ́ ọ̀sán Ifẹ̀ tó gbóná dé 30°C, afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ ti fúyẹ́, kílò 1.16 péré. Ìyàtọ̀ wá di 0.21, àpótí á lé ní 700. Bàlúùnù roboto tó gbà á yóò fẹ̀ tó mítà 11. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lórí pápá bọ́ọ̀lù.

Tíṣà Lágeré: Èyí dára, àmọ́ ìwé kejì ńkọ́? Agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀ nínú ìlú wúrà àwọn Ọ̀gá yẹn le débi pé àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ṣe ẹrú níbẹ̀ ò lè dìde nílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí ló dé tí ẹ ò yọ máàkì níbẹ̀?

Ọmọ Ọwá: Torí ìwé kẹta dáhùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa iná adágún tó ń fún gbogbo ẹ̀rọ ìlú lágbára, ìwúwo yẹn náà fò lọ. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é la ò mọ̀. Ó di 8 dípò 10. Ẹrú tí kò pẹ́ láyé nítorí ẹrù ara rẹ̀, ìyẹn bá òótọ́ mu dáadáa: ọkàn àti oríkèé ló kọ́kọ́ ń jìyà.

Ìyá Ìṣokùn: Ẹ̀yin ọkùnrin, gbogbo rẹ̀ dà bí ẹni pé ẹ́ńjìnì nìkan ló wà. Mélòó lọmọbìnrin nínú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́? Eloise, tí Will bá pàdé nínú ìwé kìíní, nìkan ló ní ìlà gidi, nínú ìwé kejì Will sì bá a nínú gíláàsì, òkú tí wọ́n tọ́jú fún àfihàn ẹwà. Ọmọ ọdún 10 tó bá ń ka èyí nìkan lálẹ́ á béèrè ìbéèrè. N ò ní kó má kà á. Kí àgbàlagbà wà nítòsí fún orí yẹn. Ẹ kọ “11 sókè” sórí rẹ̀, kì í ṣe 10. Ẹ sì fún gbogbo wọn ní máàkì kẹta: ìwọ̀n ọjọ́ orí.

Tíṣà Lágeré: Ẹ̀bùn ńlá nìyẹn, Ìyá. Mo gbà á wọlé.

Àǹtí Láíbìrì: Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe máàkì, kò sẹ́ni tó sọ bí a ó ṣe tò wọ́n. Ìtàn When the Tripods Came ṣẹlẹ̀ ṣáájú ti gbogbo wọn, àwọn òbí á sì fẹ́ fi í ṣáájú. Ẹ má gbà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kà á ti mọ bí tẹlifíṣàn ṣe sọ ènìyàn di ẹrú kí fìlà tó dé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ni adùn ìwé kìíní. Ẹ kọ 4 gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọmọ Ọwá: Mo takò yín, Àǹtí. Àwọn ọmọ tó ti gbọ́ àwọn òbí wọn tó ń ráhùn nípa fóònù á lóye ìwé tẹlifíṣàn yẹn ju ti oko àti ẹṣin lọ. Ẹ fi í ṣáájú fún àwọn tí kò fẹ́ràn ìwé.

Àǹtí Láíbìrì: Ẹni tí kò fẹ́ràn ìwé ò ní dé ìwé kejì náà, tí ó bá ti mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìṣokùn: Tí owó ìwé méjì péré bá wà, èwo la ó kọ́kọ́ rà?

Àǹtí Láíbìrì: Ìwé kìíní lè dá dúró, ó parí nígbà tí wọ́n dé orí òkè. Ìwé kejì kò lè dá dúró rárá: Will bọ́ jáde láti inú odò, Fritz tí wọ́n jọ wọ ìlú wúrà ò sì jáde. Tí ẹ bá ra kejì láìra kẹta, ọmọ á máa bi yín léèrè Fritz títí tí ẹ ó fi rà á.